Ẹyẹ Ilé Mansur

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, ọdún 2023, Labeebah, ìyàwó kejì Mansur, kú nínú yàrá rẹ̀ ní Ẹdẹ. Ó jẹ ẹ̀kọ alẹ́, ó wọlé sùn, kò jí mọ́. Oyún wà nínú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á: Kafilat, ìyálé rẹ̀ tí kò bímọ. Ẹyẹ kan máa ń ké nínú ilé náà lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, igbe kúkúrú tó máa ń gé lójijì bí ẹni pé wọ́n fún un lọ́rùn. Gbogbo aládùúgbò ló ń gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rí i rí.

"Àjẹ́!" Fàsílátù, ẹ̀gbọ́n Mansur, ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. "O jẹ tinú ẹ tán, o bọ́ sí tinú olóyún! Ẹ jẹ́ ká sin ín tán ná, o máa jẹ́wọ́ lónìí!"

Àwọn ọ̀dọ́ ti mú igi lọ́wọ́.

Sìmbíátù ló máa ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò. Ohun tí awẹ̀kú bá rí lára òkú, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí obìnrin kankan wá bá a bu omi. Kafilat nìkan ló wọlé. Sìmbíátù sún sẹ́yìn díẹ̀ fún un.

Ó yí òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ẹgba wáyà kún ẹ̀yìn rẹ̀, òmíràn ti jinná, òmíràn ṣì tutù. Kò sí ọ̀kan lójú tàbí lọ́wọ́, níbi tí àlejò ti lè rí i. Ìsàlẹ̀ ikùn dúdú, ó wú. Kafilat ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kó lè da omi. Ojú wáyà wà lápá òun náà.

"Kafilat," Sìmbíátù sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́, "ẹyẹ yẹn ńkọ́?"

"Ẹyẹ wo, Màmá? Àwa ni. Tí ọkọ wa bá ń lù wá, tó bá ti ki aṣọ bọ̀ wá lẹ́nu, igbe á gé."

"O ò sì sọ fún ẹnì kan?"

"Fóònù mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Bàbá mi kú ní Alájùé, kò jẹ́ kí n lọ. Ó ní tí n bá lanu pẹ́nrẹ́n, òun á sọ fáráyé pé èmi ni àjẹ́ tó ń jẹ oyún."

Sìmbíátù jáde síwájú àwọn ọkùnrin, omi ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò ní sin ín báyìí. Ẹ pe ọlọ́pàá. Wọ́n lu ọmọ yìí pa ni."

Mansur fò dìde. "Màmá, èèwọ̀ ni! Awẹ̀kú kì í tú àṣírí òkú!"

"Àṣírí òkú kọ́, Mansur. Tìẹ ni." Ó fa Kafilat síta, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Igi jábọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́.

Ọlọ́pàá mú Mansur lọ. Kafilat padà sí Alájùé. Kò sẹ́ni tó tún pe Sìmbíátù wá wẹ òkú mọ́. Labeebah ò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọ inú rẹ̀ bá a lọ.