Fíìmù Tí Kò Wò Parí

"Bọ̀dá mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù yẹn."

Ọmọbìnrin kan ló ń bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò wojú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bá a díje ti tan ẹ́ńjìnnì tiwọn lórí òkè. Nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, ọ̀nà ṣẹ́rí lójijì níwájú ògiri bíríkì.

"Kúrò lọ́nà. Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n wo fíìmù?"

Òun ni lóòótọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, orí ibùsùn ló máa ń wà tọ̀sán-tòru. Àbúrò wá sọ fún un pé, "Ẹ wo eléyìí. Mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná rẹ̀ ni. Ó tún ògbólógbòó alùpùpù tò títí ó fi borí àwọn tuntun níbi ìdíje. Ó máa gbé yín dìde."

Ó gbé e dìde, àní ó gbé e dìde jù. Ibi tí mẹkáníìkì náà ti ń yọ irin kúrò kí alùpùpù lè fúyẹ́ ni ẹ̀gbọ́n ti pa fíìmù, tó lọ tú alùpùpù bàbá wọn lẹ́yìnkùlé. Láàárọ̀ yìí ni àbúrò ń gbálẹ̀, tó rí bíréèkì iwájú àti wáyà rẹ̀ nínú garawa.

"Bíréèkì ẹ̀yìn ti tó," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ ò tíì dán an wò."

"Lọ fọ abọ́, jàre," ni ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-ò-sinmi wí. "Ẹni tí kò gun ẹṣin rí ló ń bẹ̀rù eré ẹṣin."

Bí ọmọbìnrin náà bá dákẹ́, ògiri ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá dójú tì í níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n lè padà sórí ibùsùn. Ó nawọ́, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ jẹ́ kó yí lọ láìtan ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì nídìí igi yẹn. Tó bá dúró, màá fún yín ní kọ́kọ́rọ́."

Ẹ̀gbọ́n fìbínú jẹ́ kó yí. Ó dé ìdí igi, ó tẹ̀ ẹ́. Alùpùpù kò dúró. Ó tún un tẹ̀. Ó fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ títí bàtà rẹ̀ fi ya, kó tó darí rẹ̀ sínú koríko, tó ṣubú gbì.

Àwọn yòókù díje láìsí i. Ẹ̀gbọ́n ti alùpùpù délé pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́ tó bó. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àbúrò rẹ̀.

"Lẹ́yìn tí ọkùnrin yẹn yọ irin tán, kí ló ṣe?"

"Ó tún bíréèkì ṣe. Ó pẹ́ lórí ẹ̀ ju ẹ́ńjìnnì lọ."

Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í, wọ́n sì wo fíìmù náà parí. Ìwúrí a máa gbéni dìde, ṣùgbọ́n sùúrù ló ń múni délé.