Ẹ̀bù Iṣu Ìdána

Ẹrẹ̀ ti kun Isráfíìlì dé etí lọ́jọ́ tí Marufat kọ́kọ́ rí i. Òun àti àwọn ọkùnrin Ìrẹsà ló wà nínú odò tó gbẹ, wọ́n ń gbẹ́ ẹ kó jìn, kí ìwọ̀nba òjò tó bá rọ̀ lè dúró síbẹ̀. Marufat, tíṣà tuntun tí wọ́n gbé wá láti Ọ̀yọ́, dúró létí odò pẹ̀lú korobá lọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Isráfíìlì wí. "Tí mo bá wẹ̀, mo dáa jù báyìí lọ."

"Omi wo lẹ fẹ́ fi wẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Isráfíìlì gun kẹ̀kẹ́ lọ pọnmi wá fún tíṣà láti ọ̀nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, ní 1987, ọdún tí òjò dalẹ̀. Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn àgbẹ̀ gbin iṣu, ni òjò bá lọ. Gbogbo ẹ̀bù tí wọ́n gbìn ló jóná nínú ebè.

Alájì Kareem, bàbá Marufat, oníṣẹ́ awọ ní Ọ̀yọ́, kò kọ́kọ́ fẹ́ fọ́mọ fún àgbẹ̀. Ìgbà tí ẹkún ọmọ pọ̀ jù ló gbà. Ó dájọ́ ìdána sí oṣù Keje, ó sì pe ẹbí jọ. Isráfíìlì to iṣu ìdána méjìlélógójì sọ́tọ̀ nínú àká.

Òjò padà dé lópin oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n máa gbìn mọ́. Isráfíìlì fúnra rẹ̀ ló dábàá pé kí kálukú kó iṣu tó kù nílé wá sójúde Baálẹ̀, kí wọ́n gé e lẹ́bù, kí wọ́n pín in kárí. Èyí tí wọ́n kó wá kò tó nǹkan. Ojú wá yí sí àká Isráfíìlì.

"Ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Iṣu ìyàwó nìyẹn."

Isráfíìlì wo Marufat. Marufat rí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ láàárín èrò. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti gbọ́ ohun tó ń kọ́ wọn. Bí ó bá ní kí wọ́n má gé e, kò sẹ́ni tó máa bú u. Ó gba ọ̀bẹ, ó jókòó, ó gé iṣu àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ ìdána, Isráfíìlì àti Marufat dé Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ òfìfo. Alájì gbọ́ àlàyé wọn tán lójú ẹbí.

"Ohun tẹ́ ẹ ṣe dáa," ni ó wí. "Iṣu kọ́ ló ń dùn mí. Ẹ pín ohun tó tọ́ sí mi, kò sẹ́ni tó fi lọ̀ mí. Bẹ́ ẹ bá fi lọ̀ mí, ṣé ẹ rò pé mo máa kọ̀ ni? Ìkà lẹ fi mí pè!"

Marufat kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá."

Alájì dìde. Ó ní òun kò ní í jókòó níbi yìgì àwọn méjèèjì láéláé. Ẹbí bẹ̀ ẹ́, lèmọ́ọ̀mù bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀. Láìsí bàbá ìyàwó, ta ni yóò so yìgì?

Ẹ̀bù tí wọ́n pín hù dáadáa. Nígbà ọyẹ́, kò sí ilé tí ebi ń pa ní Ìrẹsà. Ọmọbìnrin mẹ́ta lọ sílé ọkọ, Marufat sì bá wọn sin ìyàwó. Ó kọrin, ó jó. Ìgbà tó délé, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n nà.

Isráfíìlì wá bá a níléèwé lọ́jọ́ kejì. "Àyànfẹ́ mi, jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá ò ní láti mọ̀."

"Ká tún má fi lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì?"

Isráfíìlì jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ.

"Mi ò ní í fẹ́ ọ lẹ́yìn bàbá mi," ni Marufat wí. "Mi ò sì ní í fẹ́ ẹlòmíì lójú wọn. Bí o ò bá lè dúró, mi ò ní í bínú."

"Èmi ló yẹ kí n ti lọ bá wọn. Mo máa dúró."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Isráfíìlì wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alájì. Alájì ń rán awọ lọ, kò dá a lóhùn. Isráfíìlì tún lọ ní Jímọ̀ kejì.