Ìrọ̀lẹ́ Òjò Tàbí Ọ̀sán Pápá

Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù atúnrédíòṣe, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wọlé, bí ẹni gbé ọmọ ẹyẹ tó já bọ́ láti inú ìtẹ́. Okùn rẹ̀ ti tú síta, ó lọ́ mọ́ ọn níka, ṣọ́ọ̀kì sì funfun lápá aṣọ rẹ̀. Atúnrédíòṣe náà, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́jọ, gbàgbé iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á là," ni obìnrin náà wí. "Òun nìkan ni mo ní."

Báírò ni ọkùnrin náà fi ká okùn padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí gìtá dún, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ẹgbẹ́ olórin tí òun náà tẹ̀ lé káàkiri nígbà èwe rẹ̀ ni, àwọn tó lè fi orin kan ṣoṣo ṣe odindi wákàtí, tí wọn kì í kọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní pápá ilé-ìwé ni ti Tíṣà. Ti ìrọ̀lẹ́ òjò ni ọkùnrin náà ní, níbi tí iná ti lọ, tí àwọn onílù ń bá a lọ láìsí gìtá títí iná fi dé.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni Tíṣà ń wá, wọn a pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì, wọn a sì máa jà sí i bí ọmọdé. Ọkùnrin náà ní onígìtá ti pápá ti ṣìnà wọgbó, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Tíṣà ní ṣíṣìnà yẹn gan-an ló dùn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni ọkùnrin náà ń fá irùngbọ̀n.

Lójijì, Tíṣà kò wá mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú kásẹ́ẹ̀tì ìrọ̀lẹ́ òjò wá dá padà. Ó ṣàlàyé pé etí ẹ̀gbọ́n òun ló ń di lọ, dókítà sì ní kò lè sàn. Tíṣà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò ní di ẹrù sọ́rùn ọkùnrin tó fẹ́ràn orin tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì àti sípíkà onígi kan, ó tẹ̀ lé àbúrò náà délé. Inú kọ́kọ́ bí Tíṣà nígbà tó rí i.

"Kí lẹ fẹ́ fi adití ṣe?"

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Ó gbé sípíkà síwájú rẹ̀, ó ti kásẹ́ẹ̀tì ìrọ̀lẹ́ òjò bọ ẹ̀rọ, ó mú àtẹ́lẹwọ́ Tíṣà, ó sì tẹ́ ẹ sára igi. Nígbà tí iná lọ nínú orin, tó ku ìlù nìkan, igi náà ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ wọn. Tíṣà di ojú.

"Ti yín yìí," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, "ó dára díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀?"

Tíṣà wo ètè rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Tíṣà mi, ẹ jẹ́ ká jọ máa gbé. Ohun tí etí yín kò bá gbọ́, màá máa sọ ọ́ fún yín."

"Ti pápá náà ńkọ́? Ẹ ò ní bù ú kù?"

"Mi ò ní bù ú kù."

"Ó dáa," ni Tíṣà wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo gbà."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n di tọkọtaya. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí.