Ọkùnrin Tí Kò Lórin

Ìlà kejì orin náà ni Sumie wà tí ọkùnrin kan fi dìde ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tí fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tí kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Ọkùnrin gíga ni, irun ẹ̀bá etí rẹ̀ ti ń funfun, òróró ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó kọjá níwájú Sumie, ó ṣílẹ̀kùn, ó wọnú òjò lọ.

Sumie kọ orin náà parí nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá ṣe. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá kọrin bí àkùkọ tí wọ́n fún lọ́rùn, lọ́jọ́ yẹn, kálukú tẹjú mọ́ ife tíì rẹ̀.

"Yéè, ẹ̀bi mi ni," ni Màmá Kiyono, tó ni ṣọ́ọ̀bù karaoké náà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń lu orin tí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, wí. "Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà."

Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, oníkálukú ló ní orin tirẹ̀ láàárín àwọn orin ìgbà èwe wọn, ẹlòmíràn kì í sì í kọ ọ́. Bàbá tó ń ta táyà ní tirẹ̀, ìyá onídìrí ní tirẹ̀. "Àtùpà Èbúté" tí Sumie kọ yẹn, ti Ritsuko ni, ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Kanamori Tetsuo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ritsuko ti kú lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, láti ìgbà náà ẹnikẹ́ni ò tẹ nọ́ńbà orin náà mọ́.

Ó ṣe Sumie bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló dé ìlú Himi, ó wá ń se oúnjẹ ní ilé àwọn arúgbó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ló fà á wọlé: orin ayé àtijọ́, ọ̀sán títí di aago márùn-ún. Ó kàn fẹ́ wà níbi tí èèyàn wà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra àkàrà ẹ̀wà dídùn mẹ́wàá nínú páálí, ó fi aṣọ wé e, ó gba ibi tí Tetsuo ti ń tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ apẹja ṣe létí òkun lọ. Ó tẹrí ba títí irun rẹ̀ fi bò ó lójú.

"N kò ní kọ ọ́ mọ́ láé, sà. Mo ṣèlérí."

"Ẹ nàró, ẹ̀yìn á dùn yín," ni Tetsuo wí. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́, ó nù ún títí. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Mo ti ń gbàgbé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí ni. Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo rántí. Ìyẹn ló lé mi síta." Ó ṣí páálí náà wò. "Há! Mẹ́wàá! Ṣé ẹ fẹ́ kí ikùn mi bẹ́ ni? Ẹ jókòó, ẹ bá mi jẹ ẹ́."

Wọ́n jókòó lórí àpótí onígi. Sumie bi í léèrè orin wo ni tirẹ̀.

"Èmi? N ò ní. Ogún ọdún ni mo fi ń pàtẹ́wọ́ fún Ritsuko. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn mi, ẹ ó ní kí n tètè pa ẹ́ńjìnì náà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sumie. Ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kódà ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí òtútù dé, Tetsuo bá a tún sítóòfù rẹ̀ ṣe, kò gba owó. Sumie náà ń di ìrẹsì sínú ewé òkun fún un, ó ń fi èso kíkan há a láàárín. Gbogbo ọjọ́rú ni wọ́n ń pàdé nídìí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù Màmá Kiyono. Sumie wá orin mìíràn, Tetsuo sì ń pàtẹ́wọ́ fún un bí ẹni tó fi àtẹ́wọ́ pípa ṣe iṣẹ́.

"Ẹ rọra o, ọwọ́ á bó," ni Sumie máa ń wí.

"Tí ọ̀kan bá bó, ẹ ó bá mi fi ọ̀kan tiyín kún un."

Ojú á ti Sumie, á bu tíì mu.

Nígbà tó di ọjọ́ ìrántí ikú Ritsuko, Tetsuo ti ìwé orin sí iwájú Sumie. "Ẹ bá mi kọ ọ́ lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Sumie wo ìwé náà, ó rọra pa á dé.

"Ẹ má bínú. Tí mo bá kọ ọ́ lónìí, ẹ ó tún ní kí n kọ ọ́ lọ́la. Nígbà tó bá yá, ohùn tèmi lẹ ó máa rántí, ti ìyàwó yín á lọ pátápátá. Ẹ jẹ́ kó wà fún wọn."

Tetsuo fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, "ẹ ṣé" lásán ló rí sọ. Ọjọ́ yẹn ni Sumie mọ̀ dájú pé òun fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ẹ̀rù sì bà á, nítorí ó mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́ tó lẹ́yìn ikú olùfẹ́.

Kì í ṣe òun nìkan lẹ̀rù ń bà. Tetsuo ní kó wá bá òun jẹun ọdún tuntun. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Fumika, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, kan ilẹ̀kùn Sumie. Kò bọ́ bàtà, kò wọlé.

"Mà, mo gbọ́ pé orin màmá mi lẹ fi wọ ìlú yìí. Ṣé ilé màmá mi ló kàn báyìí?"

Sumie lè sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà pọ́n, ọmọ tí ìyá kú mọ́ lọ́wọ́ ni, ó sì ṣàánú rẹ̀ ju bó ṣe bínú sí i lọ.

"Rárá, ọmọ mi. N ò ní gba ohunkóhun tó jẹ́ ti màmá yín."

Ó kọ oúnjẹ ọdún náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ní oko èso ápù ní Nagano, ìlú tó jìnnà sí Himi, ti ń pè é látọjọ́ pípẹ́. Sumie ránṣẹ́ sí i pé òun ń bọ̀ nínú oṣù kẹta. Nígbà tó sọ fún Tetsuo, ọkùnrin náà wo ilẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. Ó tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn dun Sumie dé egungun. Èyí tó wá burú ni pé láti ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Tetsuo ò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Oṣù kan gbáko ni àga rẹ̀ fi ṣófo. Sumie ń kọrin, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Àbí ta ni yóò dá lẹ́bi? Òun náà ló ní òun ń lọ.

Ọjọ́ ìrìn-àjò pé. Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin ni yóò wọ̀. Màmá Kiyono yarí pé kò ní í kúrò ní Himi láìmu tíì ìdágbére, ni Sumie bá jókòó nídìí fèrèsé, kóòtù lọ́rùn, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, àpò lẹ́bàá ẹsẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ilẹ̀kùn ṣí. Tetsuo ló wọlé, Fumika tẹ̀ lé e. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ nọ́ńbà, ó sì gbé máìkì.

"Yéè... ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá," ni bàbá onítáyà fẹ́ máa wí, àmọ́ Màmá Kiyono gbá a lápá.

Orin tọkùnrin-tobìnrin kan ni, "Dúró Dè Mí Lórí Afárá". Tetsuo kọ ìlà tọkùnrin. Há, ohùn yẹn! Ó há lókè, ó já nísàlẹ̀, bí ẹ́ńjìnì tí omi wọ̀. Ṣùgbọ́n kò fo ọ̀rọ̀ kan. *Bí yìnyín bá bo ọ̀nà, má tíì lọ, mo ń bọ̀.* Lẹ́yìn náà ìlà tobìnrin yọ ní àwọ̀ pupa lójú tẹlifíṣọ̀n, ó ń lọ, kò sẹ́ni tó kọ ọ́.

Fumika mú máìkì kejì. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e wá síwájú Sumie, ó tẹrí ba.

"Oṣù kan ni mo fi ń kọ́ bàbá mi lórin yìí nínú mọ́tò mi, mà. Etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹkún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Màmá Kiyono sọ fún mi ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ ìrántí màmá mi. N ò mọ̀. Bàbá mi gan-an bẹ̀ yín, ẹ kọ̀, nítorí màmá mi. Ẹ dárí jì mí. Orin yìí ò ní ẹni tó ni ín níbí. Mo ti bèèrè."

Orin tán. Tetsuo ṣì di máìkì mú, ó sì gbàgbé pé ó ń gbé ohùn jáde, nítorí náà gbogbo èèyàn ló gbọ́.

"Sumie, n ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ní ẹ ń lọ, 'ó dáa' tí mo sọ yẹn, irọ́ ni. Kò dáa. Ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ yín."

Sumie wo aago ara ògiri. Ó wo ọkùnrin tó fi ogún ọdún pàtẹ́wọ́, tó wá fi ohùn burúkú yẹn dójú ti ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé nítorí òun.

"Ohùn yín burú o," ló wí.

"Mo ti kìlọ̀ fún yín."

"Yóò gba ọdún púpọ̀ kó tó dáa."

"Ṣé ẹ ó wà níbẹ̀?"

Sumie bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ó bọ́ tòsì. Ó bọ́ kóòtù, Màmá Kiyono sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ ara ògiri. Sumie gba máìkì lọ́wọ́ Fumika.

"Ọmọ mi, bá wa tún un tẹ̀," ló wí. "Ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ìlà kejì tobìnrin ni wọ́n wà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́rin fọn fèrè nísàlẹ̀ ìlú. Sumie gbọ́ ọ. Kò dá orin dúró.