Àdúrà Tí Wọ́n Gbà fún Oyèkànmí

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún èmi náà, yẹ̀yẹ́ ni màá fi ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi ni Àìná tó fi aláǹgbá oníróbà sínú àpò ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo fi ohùn pásítọ̀ pe olórí akọrin lórí fóònù, tí mo ní kó wá ní aago márùn-ún ìdájí wá kọrin fún àwọn áńgẹ́lì. Ó wá. Ó tún wọ aṣọ funfun wá. Gbogbo àdúgbò wa ní Akron ló mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n èyí ṣojú mi kòrókòró. Ọ̀sán gangan ni. Mi ò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi ni mò ń gbé. Tántì Laure là ń pè é. Ìwé ìtàn ló ń kọ, ìtàn adẹ́rùbani fún àwọn Kristẹni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni, ó sì le. Apànìyàn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣépè. Ẹ̀jẹ̀ ò gbọdọ̀ pọ̀. Ìkà gbọ́dọ̀ ronú pìwà dà kí ìwé tó parí. Bí ẹ̀rù bá kéré, àwọn òǹkàwé á ní ìwàásù ni. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ jù, pásítọ̀ á béèrè irú ẹ̀mí tó ń bá Laure sọ̀rọ̀. Ọdún méjì gbáko ni Tántì fi wà láàárín méjèèjì, tí orí ń fọ́ ọ, tó sì ń jágbe mọ́ mi.

Inú káyé ló ń kọ ọ́ sí, irú ìwé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, torí ìka mi yá, mi ò sì ní ilé ẹ̀kọ́ tí mò ń lọ mọ́.

Ọkùnrin kan wà nínú ìwé náà tó ń jẹ́ Oyèkànmí. Iṣẹ́ zémíjàn ló ń ṣe, ó ń fi alùpùpù gbé èrò. Ní ìdájí ọjọ́ kan ní Sèmè, ó rí díákónì kan tó ń ri òkú mọ́ inú yanrìn etí òkun. Díákónì náà rí i. Ó mú un, ó sì tì í mọ́ inú tánkì omi kan tó ti gbẹ, tó ní ilẹ̀kùn irin lórí. Orí kẹrin nìyẹn. Ní orí kẹsàn-án, Oyèkànmí ṣì wà níbẹ̀. Ní orí kẹtàlá, ó ṣì wà níbẹ̀, ó ń fi òkúta kan irin.

"Tántì, ẹ jẹ́ kó jáde."

"Kò tíì tó àkókò."

"Ebi ò pa á ni?"

"Àìná, ohun tí mo kọ ni kí o tẹ̀."

Ní ọjọ́ Sátidé, Mùsíọ̀ Fábáyọ̀ máa ń wá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun náà ń kọ irú ìwé yìí. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ka ìwé wọn síra wọn létí, wọ́n á sì jà.

"Laure, ta ló máa kú ní tìrẹ?"

"Oyèkànmí. Díákónì máa ṣí omi sínú tánkì. Òkú rẹ̀ ló máa rí tó fi máa ronú pìwà dà."

"Ẹnì kan péré? Mẹ́ta ni mo pa ní tèmi, pásítọ̀ ò sì rí nǹkan kan wí."

"Torí ó sùn lórí ìwé yín ni, Mùsíọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ṣe. Ní gbogbo ọjọ́rú, ní aago kan ọ̀sán, àwọn obìnrin ìjọ wa máa ń gbàdúrà fún àwọn tó wà nínú ìṣòro. Ẹ ó kọ orúkọ ẹni yẹn sórí ìwé pélébé, ẹ ó jù ú sínú agbọ̀n. Ìyá Inès, olórí wọn, á máa kà á jáde. Ó ní òfin kan tí kì í yẹ̀: orúkọ tó bá ti wọ agbọ̀n kì í jáde, àfi bí ẹni tó ni ín bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá dúpẹ́.

Mo kọ ọ́ pé: "Oyèkànmí, oníṣẹ́ zémíjàn, tí wọ́n tì mọ́ inú tánkì ní Sèmè." Mo jù ú sínú agbọ̀n.

Tántì ò sí níbẹ̀, ọjọ́rú ló máa ń kọ̀wé jù. Ìyá Inès kà á jáde. Obìnrin kan kígbe, "Jésù!" Kí n tó mọ̀, gbogbo wọn ti wà lórí eékún, omi ń dà lójú wọn. Mo sá síta. Mo ń bu ẹ̀yìn ọwọ́ mi jẹ kí ẹ̀rín má baà pa mí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n gbààwẹ̀ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ìyá Inès dìde, ó ní òun rí arákùnrin náà lójú àlá.

"Òkúta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀," ó sọ. "Ó ń fi kan irin."

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Mi ò kọ òkúta sórí ìwé pélébé náà.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, ọyẹ́ mú gan-an. Iná mànàmáná ti lọ láti àárọ̀. Tántì wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń kọ orí tó kẹ́yìn, torí Ọjọ́ Ajé ni àwọn òǹtẹ̀wé fẹ́ gbà á. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ariwo. Kò sí ọmọdé lójú pópó. Àwọn adìyẹ pàápàá dákẹ́ sábẹ́ ògiri. Mo gbọ́ tí alùpùpù kan dúró. Mi ò gbọ́ bó ṣe dé.

Ọkùnrin kan wà lẹ́nu géètì. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ṣòkòtò rẹ̀ rin gbingbin dé orúnkún.

"Ẹ kú ọ̀sán," mo kí i.

"Ṣé ibí ni wọ́n ti kọ orúkọ mi?"

Ohùn rẹ̀ ń dún bí ohùn ẹni tó gbé orí sínú ìkòkò.

"Orúkọ wo?"

"Oyèkànmí."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn! Mo rò pé ẹnì kan ti gbẹ̀san lára mi nígbẹ̀yìn. "Ta ló rán yín wá? Mùsíọ̀ Fábáyọ̀ ni, àbí? Ẹ sọ fún un pé ó gbìyànjú."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Kò sí èékánná kankan níbẹ̀. Irin ti jẹ wọ́n tán.

"Mo ń gbọ́ àdúrà yín," ó sọ. "Ní ọjọ́rú àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ìka kan ló gbà. Ní èkejì, ó gba ọwọ́. Lánàá, ó gba orí. Mi ò tíì jáde tán."

Mo wo ṣòkòtò rẹ̀ tó rin.

"Omi ti dé orúnkún mi. Ó ti dúró báyìí. Bá mi sọ fún wọn nínú ilé. Kí wọ́n jẹ́ kó dúró."

Mo ṣẹ́jú. Ojú pópó ṣófo. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níbi tó dúró sí. Eruku ni. Ó gbẹ.

Mo já wọ yàrá Tántì. Ó ń gbọn bíìkì tó fi ń kọ̀wé, ó ń fi lu tábìlì. "Ó tún ti gbẹ! Kí ló dé gan-an?"

Mo wo káyé. Ohun tó kọ kẹ́yìn nìyí: "Omi dé orúnkún Oyèkànmí." Lẹ́yìn ìyẹn, ojú bíìkì kàn ha ìwé lásán ni, láìsí tàdáwà.

"Tántì, Oyèkànmí wà lẹ́nu géètì."

"Jáde."

"Ó ní kí ẹ jẹ́ kí omi dúró níbi orúnkún."

Ó yíjú sí mi wẹ́rẹ́. "O ti ń yọ́ ka káyé mi."

"Mi ò kà á! Mo fi Ọlọ́run—"

"Má fi Ọlọ́run búra nínú ilé mi. Ta lo bẹ̀ níṣẹ́? Ọmọ wo lo bẹ̀ níṣẹ́ lónìí tí mo ní iṣẹ́?"

Ẹ wo wàhálà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń purọ́, tí gbogbo wọn ń gbà mí gbọ́. Mo wá sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí Tántì lè gbà mí gbọ́, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ agbọ̀n. Ìyẹn wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

"O fi ẹni inú ìwé mi sínú agbọ̀n àdúrà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tántì."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n tiẹ̀ gbààwẹ̀."

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ bo ojú. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń kọ ikú ọkùnrin yìí. Bíìkì mẹ́rin ló ti gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo dúró tì í. Mo rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ òǹkọ̀wé tí àwọn òǹtẹ̀wé ń dúró dè. Ó ṣí àpótí, ó yọ pẹ́ńsùlù jáde.

"Yóò kú," ó sọ. "Díákónì ò lè ronú pìwà dà láìrí òkú."

"Tántì, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kọ ọ́. Omi dé itan. Omi dé àyà. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn ògiri yàrá. Kó. Kó. Kó. Òkúta lára irin. Mo wo Tántì. Pẹ́ńsùlù rẹ̀ dúró díẹ̀. Ó gbọ́.

"Àwọn tó ń kọ́lé ni," ó sọ, láìgbé ojú sókè.

Kò sí ẹni tó ń kọ́lé ní àdúgbò wa.

Ó kọ ọ́ dé òpin, ó sì ju káyé sí mi. "Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Bí o bá yí ọ̀rọ̀ kan padà níbẹ̀, wàá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Iná dé ní àárọ̀ Jímọ̀, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ní ẹ̀yìn ògiri, òkúta ṣì ń kan irin. Kò le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo yọ ikú náà kúrò. Mo tẹ̀ ẹ́ pé ilẹ̀kùn irin ṣí, pé Oyèkànmí jáde, pé díákónì rí i láàyè, ó wólẹ̀, ó sunkún. Mo tẹ̀ ẹ́ pé Oyèkànmí gun alùpùpù rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ariwo náà dá. Mo jókòó, mo ń mí. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo jáde.

Ọjọ́ Ajé, mo fi ìwé ránṣẹ́. Ọjọ́rú, Ìyá Inès sọ fún ìjọ pé arákùnrin Oyèkànmí ti wá dúpẹ́, òun sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Àwọn obìnrin jó. Èmi náà jó. Mo rò pé ó parí.

Oṣù kan kọjá kí ìwé tó dé. Tántì ṣí i níwájú Mùsíọ̀ Fábáyọ̀, ó ka orí tó kẹ́yìn sókè. Bó ṣe kà á tán, ó yíjú sí mi.

"Àìná! Ọdún méjì! Ọdún méjì ni mo fi lo orí mi sí ìwé yìí!"

"Fara balẹ̀," Mùsíọ̀ Fábáyọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò burú. Ó sàn ju tìrẹ lọ pàápàá." Ó tún un kà. Ó wá gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n ilé wo ló lọ?"

"Ẹ̀n?" Tántì béèrè.

"Wọ́n ní ó lọ sílé. Laure, níbo ni ilé rẹ̀ wà? Ṣé ó ní ìyàwó?"

"N kò kọ ilé fún un," Tántì dáhùn. "Kí ni màá fi ilé òkú ṣe?"

Mùsíọ̀ pa ìwé dé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Salwa tó ń ránṣọ ní iwájú ilé wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní òun dá zémíjàn kan dúró, òun sọ ibi tóun ń lọ, ọkùnrin náà ò gbọ́ tirẹ̀. "Ìyá mi," ni ọkùnrin náà ń wí, "ṣé ẹ mọ ilé mi?" Salwa rò pé ó ti mutí. Ẹlòmíràn pàdé rẹ̀ ní ojú ọ̀nà Sèmè. Ìbéèrè kan náà ni. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọdé.

Mo bẹ Tántì. Gbólóhùn kan péré, mo sọ. Ilé kan, ìyàwó kan. Ó ní ìwé òun ti parí, pé ẹni tó mú un jáde ni kó wá ibi tó máa sùn fún un. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé míì. Mùsíọ̀ Fábáyọ̀ ní òun ò lè kọ̀wé sínú ìwé ẹlòmíràn, kò bójú mu láàárín àwọn òǹkọ̀wé. Ẹ gbọ́ yẹn!

Lánàá, ó padà wá sẹ́nu géètì wa. Ara rẹ̀ ti gbẹ. Ó jókòó lórí alùpùpù rẹ̀ nínú oòrùn.

"Àìná," ó pè mí. Mi ò sọ orúkọ mi fún un rí. "Ìyàwó mi ńkọ́? Kí ni orúkọ rẹ̀?"

Káyé wà lọ́wọ́ mi, pẹ́ńsùlù wà lọ́wọ́ mi. Ilé kan àti orúkọ obìnrin kan péré ló kù. Àmọ́ bí mo bá kọ ọ́, obìnrin wo ló máa jí lọ́la nínú ilé tí kò mọ̀, pẹ̀lú ọkọ tí kò rí rí? Níbo ló máa ti wá? Ta ló máa máa wá a kiri?

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dúró díẹ̀ ná.

Ó ní kò burú, òun mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.