Àtẹ̀gùn Tí Olúgbénga Fẹ́ Dè Mọ́ Ọkọ̀ Bàbá Rẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé tó máa ń dúró níwájú ilé Olúgbénga ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, àmọ́ ṣe ló ń dán. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni Olúgbénga ń fọ̀ ọ́, bí ewúrẹ́ bá sì fara nù mọ́ ọn, ẹni tó ni ewúrẹ́ náà yóò gbọ́rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ má dá a lẹ́bi, ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Bàbá náà, tó ń jẹ́ Reuben, àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, ló rà á nígbà tí Olúgbénga ṣì wà ní ilé-ìwé girama. Ọkọ̀ yìí ló ń kó kòkó bọ̀ láti oko, òun náà ló ń kó àwọn akọrin lọ síbi ìsìn ìkórè ní àwọn abúlé. Nígbà tí bàbá kú lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ bọ́ sọ́wọ́ Olúgbénga, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ní oko, tí kò sì ní kòkó. Àwọn aládùúgbò a máa bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi í kó. Á ní ìrántí ni òun ń fi í kó.

Ìyá rẹ̀, tó ń jẹ́ Wúràọlá, wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà nítorí orúnkún tó ń dà á láàmú. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìsìn ìdúpẹ́ fún ìrántí ọdún kan bàbá ní Oǹdó, màmá sì ti sọ pé kò sí ọkọ̀ mìíràn tí òun yóò wọ̀ lọ síbẹ̀ bí kò ṣe ti ọkọ òun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ náà ga. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ kan, ọkùnrin méjì ló dì í mú lábíyá tí wọ́n gbé e sọ sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé àpò kòkó. Màmá kàn yí ojú sí fèrèsé, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Olúgbénga rí i nínú dígí, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún dé egungun.

Ìdí nìyí tó fi lọ sí àdúgbò Arákalẹ̀ láti ra àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní sáìdì-sítẹ́ẹ̀pù. Oyèlékè tó ń ta ohun èlò ọkọ̀, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, gbé e jáde fún un: irin gígùn méjì, pẹ̀lú àwọn apá irin tí wọ́n fi ń so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ àti bóòtù wọn.

Oyèlékè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín dè é níbí kẹ́ẹ tó gbé e lọ ulé. Uṣẹ́ kékeré ni."

Olúgbénga rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun kì í gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì fún ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ bá ká, òun náà kò sì ní í sọ orúkọ bàbá òun nù.

Nígbà tí Sátidé mọ́, inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tí ó wà lọ́mọdé. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, nítorí orí ẹní ni bàbá máa ń dùbúlẹ̀ sí. Ó ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè. Ó wá gbé búlọ́ọ̀kù méjì tó ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti mọ ògiri ilé wá, ó to ọ̀kan lé èkejì lábẹ́ ọkọ̀, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé wọn, ó sì yọ jáàkì kúrò. Bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn. Ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Abẹ́ ọkọ̀ náà ń rùn òórùn ọ́ìlì àti ti kòkó gbígbẹ. Òórùn bàbá rẹ̀ ni. Lójú rẹ̀, ó tún di ọmọkùnrin tó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ní Oǹdó, tó ń na sípánà sí ọwọ́ kan tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, tí bàbá ń kọ orin ìjọ lábẹ́lẹ̀, tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, tí ọbẹ̀ màmá sì ń ta sánsán láti ẹ̀yìnkùlé. Ayé dùn nígbà náà. Olúgbénga kò mọ ìgbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ojú abẹ níkòó. Irin tó wúwo ju ogún ọkùnrin lọ wà lókè àyà rẹ̀, búlọ́ọ̀kù oníhò méjì péré ló sì gbé e dúró. Tí búlọ́ọ̀kù bá fẹ́ fọ́, kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ṣe ni í fọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tí orin náà ta sí i létí ló gbójú sókè, tó rí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó di apá àga mú, ó fẹ́ dìde.

Àsìkò yẹn gan-an ni Yéjídé, àbúrò Olúgbénga, sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí níwájú ilé. Oǹdó ló ti ń bọ̀ wá bá wọn, kí wọ́n lè jọ lọ síbi ìdúpẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan níbẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀. Lẹ́yìn ikú ìyá bàbá wọn ni wọ́n bí i, nítorí náà "Ìyá mi" ni bàbá ń pè é títí ó fi kú. Ó rí ẹsẹ̀, ó rí búlọ́ọ̀kù, ó sì rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo, torí ó mọ̀ pé bí ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ bá ta gìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kan ohun tí kò yẹ kó kàn.

Ó ní, "Bùọ̀dá Gbénga, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ rọra jáde wá kí mi ná."

"Jẹ́ kí n de bóòtù kan yìí tán."

"Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ rọra wọ́ bọ̀, ẹ má jẹ́ kí apá yín kan búlọ́ọ̀kù yẹn."

Olúgbénga wọ́ jáde pẹ̀lú ìbínú, eruku kún irun rẹ̀. Yéjídé sọ fún un pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí búlọ́ọ̀kù gbé dúró. Inú tún wá bí i sí i. Ó ní ṣé nítorí pé ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ọkọ̀ ló ṣe fẹ́ sọ pé bàbá wọn kò mọ nǹkan. Ó ní ojú òun báyìí ni bàbá ń ṣe é, lọ́pọ̀ ọdún, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Yéjídé wo màmá.

Màmá gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó ní, "Olúgbénga, ẹsẹ̀ bàbá rẹ tó ń tiro títí ó fi wọ ilẹ̀ lọ, kí ni wọ́n sọ fún ọ pé ó ṣe é?"

"Igi kòkó ló wó lù ú, Màámi. Mo wà ní ilé-ìwé nígbà náà."

"Kò sí igi kòkó kankan tó wó. Ọkọ̀ yìí ni. Búlọ́ọ̀kù ló fọ́ lábẹ́ rẹ̀. Omi ni mo gbé wá fún un, ó ń yí bọ̀ síta láti gbà á. Ara rẹ̀ ti jáde, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kù. Ká ní mi ò gbé omi yẹn wá ni, ọmọ aláìníbàbá lò bá jẹ́ nígbà tí o dé láti ilé-ìwé."

Olúgbénga yíjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà.

Màmá ń bọ́rọ̀ lọ. "Yéjídé wà níbẹ̀, ó kéré púpọ̀. Òun ló sáré lọ pe àwọn tó gbé ọkọ̀ kúrò. Bàbá rẹ ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ọ, pé òun kò fẹ́ kí o máa bẹ̀rù ọkọ̀. Ìtìjú ló ń ṣe é. Èmi náà sì dákẹ́ títí dòní. Àmọ́ mi ò lè jókòó síbí kí n tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì."

Olúgbénga jókòó sórí ẹní. Ó rántí bí bàbá ṣe wá kí i ní ilé-ìwé, tó ń fi ọ̀pá rìn, tó ń fi igi kòkó náà dápàárá fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí gbogbo wọn fi rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín nígbà náà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ohun dídùn nìkan ni òun ti ń rántí láti ọjọ́ yìí wá: orin, oòrùn àárọ̀, òórùn kòkó. Wọ́n ti yọ ìrora ibẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé ìtàn náà fún un.

Yéjídé ló fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, tó fi ọ̀pá gígùn ti àwọn búlọ́ọ̀kù síta, tó sì sọ táyà kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ búlọ́ọ̀kù ti òkè wò, ó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, èékánná wọ ojú ibi tó sán. Wọ́n wò ó, wọ́n wo ara wọn. Màmá ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun.

Yéjídé wá bi í pé, "Bùọ̀dá mi, ta ló tilẹ̀ ní kẹ́ẹ gbé ọkọ̀ sókè? Bàbá máa ń gbé e nítorí pé jíà àti ẹ̀ńjìnnì ni wọ́n ń tú. Àtẹ̀gùn lẹ fẹ́ dè. Píkọ́ọ̀pù ga, àyè wà lábẹ́ rẹ̀ bí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tilẹ̀ wà nílẹ̀."

Olúgbénga rò ó títí. Lóòótọ́ ni. Ó gbé ọkọ̀ sókè nítorí pé bàbá rẹ̀ máa ń gbé e sókè, kò sí ìdí mìíràn.

Wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun. Yéjídé ní kó gbé ọkọ̀ sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, kó kó o sí jíà, kó fa bíréèkì ọwọ́, kó sì fi igi há iwájú àti ẹ̀yìn táyà. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kó dùbúlẹ̀ padà sórí ẹní bàbá rẹ̀. Ó fi hàn án pé etí páànù ọkọ̀ ló ti fẹ́ de àtẹ̀gùn náà mọ́ tẹ́lẹ̀, páànù kò sì lè gbé ènìyàn. Ṣásì, irin ńlá tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró, ni wọ́n ń dè é mọ́, ní ojú ihò tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti lu sílẹ̀. Ó tún fi páìpù epo àti ti bíréèkì hàn án níbi tí wọ́n gbà kọjá. Ó ní ká ní ó pe jórinjórin wá jó o mọ́ ibẹ̀ ni, iná ì bá ti lọ bá epo.

Nígbà tí wọ́n parí, Yéjídé fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gun orí àtẹ̀gùn náà, ó fò sókè sódò lórí rẹ̀, ó tún fi sípánà mú gbogbo bóòtù rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe màmá. Màmá di ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀ tó yá sókè, ó fa èyí tó ń dùn ún tẹ̀ lé e, ó sì jókòó. Kò sí ẹni tó dì í mú lábíyá. Nígbà tí Olúgbénga fẹ́ sọ̀rọ̀, màmá ní kó dákẹ́ ná, kó jẹ́ kí òun jókòó síbí díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ní Oǹdó, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọ̀dọ́ akọrin fò gun àtẹ̀gùn náà, wọ́n di òrùlé ọkọ̀ mú, wọ́n ní kí bùọ̀dá wà wọ́n dé ilé àsè. Irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àwọn akọrin ń gùn bẹ́ẹ̀ láyé bàbá, Olúgbénga náà ti gùn ún rí. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn láti rí wọn. Ó wá pa ẹ̀ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi sùúrù ní kí gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń kùn, ó sì dúró títí ẹni tó kẹ́yìn fi bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má tún ọkọ̀ yín ṣe nílé. Ìyá tí orúnkún ń dùn yẹ ní àtẹ̀gùn, ọmọ tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ dè é fún un ṣe ohun tó dára. Ẹ kàn rí i pé èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín lẹ rà, kí ẹ sì ka ìwé tó bá a wá. Ẹ jẹ́ kí táyà wà nílẹ̀. Ṣásì ni kí ẹ dè é mọ́, kí ẹ sì tún mú bóòtù rẹ̀ le lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ ti ń lò ó, torí gbígbọ̀n ọkọ̀ a máa tú u. Bí iṣẹ́ mìíràn bá mú kí ẹ gbé ọkọ̀ sókè, jáàkì nìkan kò tó, ẹ wá irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe fún gbígbé ọkọ̀ dúró. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì tó ní i. Búlọ́ọ̀kù, ilé ni wọ́n fi ń kọ́. Àtẹ̀gùn náà sì wà fún gígùn wọlé àti sísọ̀kalẹ̀ nìkan. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lórí rẹ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ ayọ̀.

Ẹ fẹ́ràn àwọn bàbá yín, ẹ máa rántí wọn, ẹ sì máa bèèrè ìtàn wọn délẹ̀délẹ̀ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí bàbá ẹni ṣe tí kò pa á ni ọgbọ́n. Òmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé orí ló kó o yọ.