Orúkọ Inú Géèmù Ò Lè Gba Ilé Ìkàwé Sílẹ̀

"Wọ́n mà dá a padà o!"

Helmi ju ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sórí tábìlì ní ilé ìkàwé Kivilampi, ìlú kékeré kan nílẹ̀ tó tutù nini. Inú bí i débi pé kò rántí ṣí fìlà òtútù orí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ ti ilé ìkàwé yìí pa lópin ọdún. Ibẹ̀ ni Helmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe géèmù orí kọ̀ǹpútà. Òun ni ọ̀gágun wọn. Ọjọ́ méjì péré ló fi kó ọgọ́ta èèyàn jọ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà pé kí wọ́n má tì í, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ dá a padà.

Raija, akọ̀wé ìlú tó ti fẹ̀yìn tì, gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó wo ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ni Ikú Inú Yìnyín? Ta ni Ìyá Ìkookò?"

"Èmi ni Ìyá Ìkookò, Màmá Raija."

"Ìkookò kì í fọwọ́ síwèé ní Kivilampi, ọmọ mi."

"Gbogbo ayé ló mọ̀ mí sí orúkọ yẹn nínú géèmù!"

"Ayé mọ̀ ọ́, ìwé ìlú ò mọ̀ ọ́. Orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́ ni kí o kọ, pẹ̀lú àdírẹ́sì. Ẹni tí kì í gbé ìlú yìí, yọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wá níbí. Bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún bá ti fọwọ́ sí i, ìyẹn ọgọ́ta, dandan ni kí ìgbìmọ̀ jíròrò rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà."

Nígbà tí wọ́n yọ àwọn ará òkèèrè, ó ku mọ́kànlélógójì. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí: Helmi pín ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ìlú bó ṣe ń pín wọn sójú ogun. Òun fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà sọ́nà, ilé ìwẹ̀ olóoru tí àwọn ará ìlú ti ń làágùn, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ooru yẹn kì í rojú sí ẹnikẹ́ni.

Igba èèyàn ó lé méjìlá ló fọwọ́ sí i.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà lọ síwájú ìgbìmọ̀, Pentti, alága wọn, yínmú sí wọn. "Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ lọ máa ṣe géèmù yín!"

"Bàbá, ọ̀tá kan pa wá nígbà mẹ́tàdínlógún nínú géèmù yẹn," Helmi dá a lóhùn. "Ìgbà kejìdínlógún la ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka orúkọ wa."

Ó kà á. Nígbà tí ìgbìmọ̀ dìbò, mẹ́tàlá sí mẹ́jọ, wọn ò ti ilé ìkàwé náà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ìgboyà tí ẹ kọ́ nínú géèmù sílẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ̀wé síjọba, orúkọ gidi àti àdírẹ́sì gidi ni kí ẹ kọ, kí ẹnì kan má sì fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ béèrè ohun tó kù, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì gbé e padà lọ bá wọn. Ìlú yín ni.